Ṣé ká lọ forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ òṣèlú tiwa, àbí ká fara pamọ́ sábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn tó ti ní ìwé ẹ̀rí?

Ará_Kubwa

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àbújá àti Òkè Ọya.

Ẹgbẹ́ sọ́ṣálíìsì ni tiwa, a ò tíì kan ilẹ̀kùn INEC rí. Ẹni 140 ló ń san owó oṣù déédéé. A ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ 9, àmọ́ Àbújá níbí la pọ̀ sí jù: Kubwa, Nyanya, Gwagwalada. Ìpàdé ńlá wa ku oṣù méjì, ọ̀rọ̀ kan ló sì ti gba gbogbo ẹnu. Apá kan ní ó tó gẹ́ẹ́, ká di ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá dúró, kí àmì tiwa wà lórí ìwé ìdìbò. Apá kejì ní ká wọ inú ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé ẹ̀rí, ká máa ti ibẹ̀ fa èèyàn tiwa kalẹ̀ bí DSA, ẹgbẹ́ àwọn sọ́ṣálíìsì Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣe nínú ẹgbẹ́ Democrat níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà yẹn náà ni Zohran Mamdani gbà tó fi wọlé bí olórí ìlú New York ní 2025. Apá kẹta ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ìdìbò sétí.

Ohun tí òfin ń béèrè, iye tó ń náni, ibi tó ti máa ń dàrú: ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Marx sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Lọ́yà_Utako

Àbúrò, ẹ tẹ abala 221 sí 229 nínú Ìwé Òfin 1999 jáde, kí gbogbo ìgbìmọ̀ yín kà á kí ẹ tó jókòó. Kò gùn.

221 ló máa kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ polongo ìbò fún olùdíje kankan, kò gbọdọ̀ dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sì gbọdọ̀ ná owó lórí olùdíje. Tí ẹ bá wá wọ inú ẹgbẹ́ ẹlòmíì, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ ti inú àpò ẹgbẹ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń díje. Kálukú ni yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe é, lórúkọ ara rẹ̀. Akápò tó bá kọ "ìrànwọ́ ìpolongo" sínú ìwé owó ẹgbẹ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí tí wọ́n máa fi mú un.

Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè dá díje láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn. Abala 65 sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé aṣòfin àpapọ̀, 106 sọ ọ́ fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀.

222 ni ti ìforúkọsílẹ̀. Orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn olóyè àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ INEC. Ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìlú yòówù kó ti wá, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe. Orúkọ àti àmì ò gbọdọ̀ ní òórùn ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Olú ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní Àbújá. Ìyẹn ò ni yín lára.

223 ló le. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn 24 ó kéré tán, pẹ̀lú Àbújá. Ẹ̀yin ní 9. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá ẹni dí àlàfo: ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, àna akọ̀wé, ẹni tí wọ́n jọ sìnrú ìlú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ṣàyẹ̀wò, tí wọ́n ní kí olóyè láti Taraba yọjú, fóònù rẹ̀ ò ní lọ. Kódà ká ní ó yọjú, wàhálà ò tíì tán. Ìbò kan ló ní nínú ìgbìmọ̀, bíi ti ẹni tó ti ń bá yín bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́la, irú wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ rà. INEC ò sì mọ ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì ni wọ́n mọ̀.

225: owó òkèèrè. Bí àwọn kọ́múrédì ìlú òyìnbó bá fi owó ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn tí ẹ ti di ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ ò gbọdọ̀ ná an. Láàárín ọjọ́ 21 kí ẹ kó o lọ fún INEC, kí ẹ sì sọ ibi tó ti wá.

Ní ti ọjọ́, ohun tí Òfin Ìdìbò 2022 sọ nígbà tó jáde ni pé kí ìwé ìbéèrè dé ọ̀dọ̀ INEC, ó pẹ́ tán, oṣù 12 kí ìdìbò gbogbogbò tó wáyé. Ẹ rí i dájú pé èyí tó wà lóde lásìkò tí ẹ ń kọ̀wé ni ẹ ń tẹ̀ lé, torí wọ́n máa ń tún òfin yìí ṣe látìgbàdégbà. Lẹ́tà ìfẹ́ ló ń ṣáájú, alága àti akọ̀wé ló ń fọwọ́ sí i, pẹ̀lú orúkọ, ìkékúrú orúkọ àti àmì. Tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá jọ ti ẹgbẹ́ tó ti wà, ibẹ̀ ló máa parí sí. Ní 2025, lẹ́tà 171 ló dé ọ̀dọ̀ wọn. 14 péré ló kọjá ìpele àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Secretariat, ẹ fọkàn balẹ̀. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí Balarabe Musa àti àwọn yòókù pe INEC pé àjọ náà ò lè fi ohun tí Ìwé Òfin ò sọ kún un. Lára ohun tí wọ́n wọ́gi lé ni òfin INEC tó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Akápò_Gwagwalada

Ẹ ò sọ iye owó oṣù. Ká ní ₦2,000 ni, kí gbogbo 140 sì san án láìjẹ gbèsè (irọ́ ni, àmọ́ ká fi ṣírò). ₦280,000 lóṣù, ₦3,360,000 lọ́dún.

Owó tí INEC gbà lọ́wọ́ àwọn tó kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní 2025 jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà, kì í padà. Ó ku ₦1,360,000. Ẹ máa gba ọ́fíìsì fún olú ilé iṣẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé àdéhùn ilé, kì í ṣe orúkọ alága. Ẹni tó bá ni ìwé ilé ló máa ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Onílé Àbújá tó bá gbọ́ "ẹgbẹ́ òṣèlú" á béèrè owó ọdún méjì. Ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ kan: ẹni 25, ₦60,000 àlọ àti àbọ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ìrẹsì. Ẹ tún ní láti máa fi ìṣirò owó ránṣẹ́ sí INEC lọ́dọọdún, olùṣirò owó tó ní ìwé àṣẹ kì í sì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣì rò pé a ti débi ìdìbò? A ò tíì tẹ páńfúlẹ́ẹ̀tì kan.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí. Ẹgbẹ́ tí owó oṣù ò bá gbé á wá ẹnì kan tó lówó. Ẹni náà ò ní kó owó sílẹ̀ kó wá jókòó lẹ́yìn; yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì, yóò gba ipò akápò fún ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò gba ẹgbẹ́.

Bàbá_TudunWada

Mo kí gbogbo yín láti Kàdúná. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ bíi pé àná la bẹ̀rẹ̀. Òkè Ọya níbí ni wọ́n ti dá ìbéèrè yìí sílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dé ayé.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1950, ní Kano, wọ́n dá NEPU, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn mẹ̀kúnnù Àríwá, sílẹ̀. Bello Ìjùmú wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ẹ ò sì nílò kí n sọ ibi tí Ìjùmú wà fún yín. Ní àkókò yẹn, àjọ àwọn ará Àríwá tó wá di NPC ni gbogbo ọ̀mọ̀wé wà nínú rẹ̀, àwọn NEPU kan sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn wà níbi méjèèjì. Àwọn NPC ló lé wọn. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ìgbà tí ẹ máa jáde kì í ṣe ọwọ́ yín nìkan ló wà, onílé lè pinnu fún yín. NEPU ò dá nìkan wà lẹ́yìn náà, wọ́n bá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ṣe pọ̀. Ní 1959 ìjókòó mẹ́jọ ni wọ́n rí ní ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Àmọ́ orúkọ wọn, kádì wọn, ìwé ìkéde Sawaba wọn, tiwọn ni.

Ẹ wo Ìlọrin. Ìlọrin Talaka Parapọ̀ kì í ṣe sọ́ṣálíìsì, ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù ni. Ṣé ẹ rí orúkọ náà, Hausa lápá kan, Yorùbá lápá kejì. Owó orí àti ìwà àwọn alágbára ààfin ló gbé wọn dìde, wọ́n bá Action Group lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìlọrin ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1950. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bí Ìlọrin yóò ṣe bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Action Group, wá bo ọ̀rọ̀ owó orí mọ́lẹ̀. Ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ẹni tó yá ọ lẹ́ṣin ló ń sọ ibi tí ẹ ń lọ.

PRP, ẹgbẹ́ òṣèlú Mallam Aminu Kano, ńkọ́? 1979, wọ́n gba Kano àti Kàdúná. Ní Kàdúná, Balarabe Musa wọlé bíi gómìnà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NPN ló pọ̀ jù nílé aṣòfin. Wọn ò fọwọ́ sí orúkọ àwọn kọmíṣọ́nnà rẹ̀, ní oṣù kẹfà 1981 wọ́n yọ òun fúnra rẹ̀. Lásìkò kan náà, PRP ti pín sí méjì, Mallam Aminu lápá kan, gómìnà méjèèjì lápá kejì, lórí bí wọ́n ṣe ń bá àwọn gómìnà ẹgbẹ́ mìíràn ṣèpàdé. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí o. Wọ́n ní ìjọba pàápàá. Ta ló ń pàṣẹ láàárín ẹni tí ìlú dìbò fún àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́? Wọn ò kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀yin, ẹ kọ tiyín.

Ìbò_Karu

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù, torí òun gan-an ni kókó.

DSM, ẹgbẹ́ sọ́ṣálíìsì kan tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú NCP, ẹgbẹ́ òṣèlú Gani Fawẹ̀hìnmi, dá ẹgbẹ́ òṣèlú SPN sílẹ̀, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ní 2018 lẹ́yìn tí wọ́n gba ilé ẹjọ́ kọjá. Oṣù kejì 2020, INEC gba ìwé ẹ̀rí náà padà. Ẹgbẹ́ 74 ni wọ́n pa rẹ́ lọ́jọ́ kan. 18 ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n pa rẹ́ gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ó sì pàdánù ní 2021. Ọdún méjì péré ni SPN fi jẹ èrè gbogbo iṣẹ́ náà.

Abala 225A ni wọ́n lò. Wọ́n lè pa ẹgbẹ́ rẹ́ tí kò bá rí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ìpínlẹ̀ kan nínú ìdìbò ààrẹ, tàbí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú ìdìbò gómìnà. Tí kò rí wọ́ọ̀dù kan nínú ìdìbò alága, tí kò rí ìjókòó kan nílé aṣòfin, tí kò sì rí káńsẹ́lọ̀ kan.

Káńsẹ́lọ̀ kan! Ohun tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀, àjọ ìdìbò tí gómìnà yàn ló ń ṣe ìdìbò ìbílẹ̀, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí: ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà á kó gbogbo rẹ̀, látorí alága dé orí káńsẹ́lọ̀. Àbújá nìkan ni INEC fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é. Káńsù mẹ́fà: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali, Abaji. AMAC ní wọ́ọ̀dù 12, àwọn yòókù ní mẹ́wàá mẹ́wàá. 62 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní Nàìjíríà tí ẹgbẹ́ kékeré ti ní irú àǹfààní yìí, ẹ̀yin sì ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wọ́ọ̀dù kan. Ibùdó ìdìbò 2,822 ló wà ní gbogbo Àbújá, tí ẹ bá pín in sí 62, bíi 45 ló bọ́ sí wọ́ọ̀dù kan. Kò dọ́gba o. Karu àti Gwarinpa pọ̀ ju Igu lọ dáadáa, nítorí náà ẹ lọ gba iye ti wọ́ọ̀dù tí ẹ bá mú. Ibùdó 45 túmọ̀ sí éjẹ́ǹtì 45, àti mẹ́wàá tó máa rọ́pò ẹni tó bá ṣàìsàn tàbí tí wọ́n fún lówó. Ẹni 55. Éjẹ́ǹtì tí kò bá gba ẹ̀dà Fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé èsì ìbò, níbùdó rẹ̀ ti lọ ṣeré ni, torí òun ni ẹ̀rí tí ẹ máa gbé lọ sílé ẹjọ́ bí iye ibẹ̀ àti iye tí wọ́n kà ní gbọ̀ngán bá yàtọ̀. Kó ka iye tí wọ́n kọ ní nọ́ńbà àti iye tí wọ́n kọ ní ọ̀rọ̀, kó wò ó bóyá wọ́n dọ́gba, kó tó fọwọ́ sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé éjẹ́ǹtì á ti lọ jẹun ní aago mẹ́rin, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń kà á.

Tí ẹ kò bá lè kó èèyàn 55 jọ nínú wọ́ọ̀dù kan, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ṣe?

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má forúkọ sílẹ̀ báyìí. Ẹ mú wọ́ọ̀dù méjì. Omi, ilẹ̀ ẹ̀gbin, owó tí káńsù ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti alátẹ, ilé tí wọ́n ń wó: káńsẹ́lọ̀ lè dìde lórí gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin náà sì lè jà lé e lórí láìní ìwé ẹ̀rí. Èèyàn yín kan lè gba káàdì ẹgbẹ́ mìíràn kó díje. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba wọ́ọ̀dù kan tàbí ẹ ṣe ipò kejì tó sún mọ́ ọn, ẹ lọ kọ lẹ́tà sí INEC.

Sàbó_Kano

Ẹ̀gbọ́n Karu, mo fara mọ́ ti wọ́ọ̀dù, àmọ́ ibì kan jò. Ìjókòó tí ẹ bá fi àmì ẹlòmíì gbà, ti ẹlòmíì ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Amaechi ní 2007 pé ẹgbẹ́ ni aráàlú dìbò fún. Kò sí bí ẹ ṣe máa kó o wá sínú ẹgbẹ́ tuntun yín kí ẹ fi dáhùn 225A. Ìdìbò tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ òfo lẹ máa bá wọ̀ ọ́.

Ti DSA tí wọ́n ń sọ yẹn náà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ní New York, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìlú ló ń ṣètò ìdìbò abẹ́nú. Tí o bá ti gba iye ìbuwọ́lùwé tí òfin ní kí o gbà, alága ẹgbẹ́ ò lè yọ ọ́ nínú ìwé ìdìbò, kódà kó kórìíra rẹ. Níbí, ẹgbẹ́ ló ń ṣe ìdìbò abẹ́nú, alága àti akọ̀wé àpapọ̀ ló sì ń fi orúkọ ránṣẹ́. Ẹ lè wọlé ní Nyanya láàárọ̀, kí orúkọ ẹlòmíì dé INEC lálẹ́. Ilé ẹjọ́ ló kù, ẹ sì gbọ́dọ̀ yára gan-an, torí ọjọ́ 14 péré ni òfin fún yín láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbò_Karu

Òótọ́ ni, Sàbó. Mi ò sọ pé ìjókòó náà máa kà fún wọn. Ohun tí wọ́n máa kó jáde níbẹ̀ ni éjẹ́ǹtì 55 tó ti jókòó ti àpótí rí, àti ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ojúlé sí. Aago 225A ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lù fún ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí ló bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n gbà á nígbà tí ọwọ́ wọn ṣófo.

Lọ́yà_Utako

Mo fara mọ́ Karu, pẹ̀lú àfikún kan. Kí ẹni yín tó máa díje lábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn tètè gba káàdì wọn. Láti 2022, òfin ti ní kí ẹgbẹ́ fi ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí INEC ṣáájú ìdìbò abẹ́nú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ á rí wàhálà.

Ará_Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ ká pè wá síbi ìpàdé. Karu, ẹ ní ká mú wọ́ọ̀dù méjì. Kubwa àti Nyanya ló wà lọ́kàn mi. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìbò_Karu

Ẹ gba káàdì ìdìbò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò, kí ẹ kọ wọ́ọ̀dù tó wà lára kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwa Yorùbá Àbújá, a mọ ara wa: a ń gbé Kubwa, káàdì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè pariwo títí, kò lè dìbò fún káńsẹ́lọ̀ yín. Ìyípadà ibùdó kì í ná kọ́bọ̀, ẹ̀ka INEC ní káńsù ni ẹ máa lọ nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n máa ń ti í nígbà tí ìdìbò bá sún mọ́lé.

Ará_Kubwa

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán lórí WhatsApp ẹ̀ka méjèèjì. Nínú 61 tó ń gbé Kubwa àti Nyanya, 19 ló ní káàdì Àbújá. Méje péré ni ti wọ́ọ̀dù Kubwa. Alága wa, Abẹ́òkúta ni tirẹ̀ wà.